Ọmọbìnrin Ìlàjẹ àti Ẹ̀kọ́ Gíga Nípa Ipò Obìnrin
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa)

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀kọ́ gíga kan wà tí a fi ń wádìí ìgbésí-ayé obìnrin, àti bí ọkùnrin àti obìnrin ti ń bá ara wọn lò láwùjọ. Owó ìrànlọ́wọ́ wà fún un, àpérò rẹ̀ sì ń lọ káàkiri ayé. Ó yẹ kí Ẹgbẹ́ wa ran àwọn ọmọbìnrin wa lọ́wọ́ kí wọn lè ní ìpín nínú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun àjèjì ni mo gbé dé. Lóòótọ́, ní 1970 ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga San Diego ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀ka ìmọ̀ yìí lélẹ̀, ó sì wà lára àwọn àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin Áfíríkà kò jókòó kí ẹlòmíràn máa rò ó fún wọn. Ní 1977 àwọn obìnrin onímọ̀ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà dá ẹgbẹ́ AAWORD sílẹ̀ ní Dakar, kí àwọn fúnra wọn lè máa wádìí ọ̀ràn ara wọn. Ní 1982 àpérò kan wáyé ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, láti inú rẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ Women in Nigeria ti jáde. Ní 1985 gbogbo ayé pé jọ ní Nairobi lórí ọ̀ràn obìnrin. Láìpẹ́ lẹ́yìn èyí ni a dá WORDOC, ibùdó ìwádìí àti àkójọ ìwé nípa obìnrin, sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ ni ó ṣe aṣáájú níbẹ̀. Òun náà ni ó ṣe àkójọ ìwé kan ní 1992 lórí àwọn obìnrin inú ìtàn Nàìjíríà, nínú èyí tí a ti rí Tinúbú àti Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Yunifásítì Makerere ní Uganda dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1991; ti Cape Town tẹ̀lé e ní 1996. Nígbà tí ó di 2002, Makerere gba àlejò àpérò àgbáyé àwọn onímọ̀ lórí ọ̀ràn obìnrin, èyí tí a kò tíì ṣe rí nílẹ̀ Áfíríkà.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ni èyí kàn wá ní etí òkun níhìn-ín? Ohun méjì ni n ó fi dáhùn.

Èkíní ni ìtàn Mọ́remí. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí: bí àwọn ará Ugbó ti ń kó Ifẹ̀ lẹ́rú, bí Mọ́remí ti jẹ́ kí a mú òun lọ, bí ó ti di aya ọba wọn, tí ó mọ àṣírí wọn, tí ó sì sá padà sílé. Ifẹ̀ ni ó ń sọ ìtàn yìí báyìí, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà Ugbó náà ní tiwọn láti sọ. Wọ́n ní àwọn ni onílẹ̀ ní Ifẹ̀ látijọ́, pé ẹni tí a lé kúrò nílé tí ó ń padà wá kì í ṣe olè. Èwo nínú wa ni ó ti bèèrè bí àwọn obìnrin ààfin Ugbó ṣe gba àlejò náà, tàbí ohun tí ìyá-ńlá wa ń sọ nípa rẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ yìí ń bèèrè. Bí ọmọbìnrin Ìlàjẹ kan kò bá jókòó ti àwọn ìyá arúgbó wa kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnu tí ó mọ̀ ọ́n yóò dákẹ́ níjọ́ kan, a ó sì máa ka tiwa láti ẹnu ẹlòmíràn títí láé.

Èkejì ni ẹja. Ọkùnrin ni ó ń ju àwọ̀n sókun. Ṣùgbọ́n bí ẹja bá ti dé èbúté, ọwọ́ obìnrin ni ó bọ́ sí. Obìnrin ni ó ń yan án, òun ni ó ń dì í, òun ni ó ń gbé e lọ sí ọjà Ìgbọ́kọ̀dá. Ní nǹkan bí 1970, ní abúlé apẹja kan tí a ń pè ní Chorkor lẹ́bàá Accra, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Ghana àti àjọ FAO bá àwọn obìnrin abúlé náà jókòó, wọ́n sì jọ ṣe ààrò onígun mẹ́rin kan, tí a ń to àtẹ lé lórí títí dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Igi tí ó ń jẹ kò tó ti àtijọ́, ẹja tí ó ń gbà sì pọ̀ jù ú lọ. Lónìí a mọ ààrò Chorkor káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn obìnrin tí kò kàwé ni ó ní ọgbọ́n náà nínú. Ẹni tí ó kàwé ni ó bá wọn gbé e jáde. Àpérò àgbáyé kan wà lórí ọ̀ràn obìnrin àti ọkùnrin nínú iṣẹ́ ẹja nìkan. Ẹ̀ẹ̀kẹjọ irú rẹ̀ ni a ṣe ní Kochi ní Íńdíà ní oṣù kọkànlá 2022. Ta ni ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ju ọmọ ìyá tí èéfín ààrò ti rẹ̀ lójú? Bí òkun sì ti ń gbé ilé lọ ní Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀ dó ní 1947, ààrò ń bá ilé lọ, ọjà ń bá ààrò lọ. Ìwádìí tí yóò sọ ohun tí àwọn ìyá wa pàdánù wúlò fún wa níwájú ìjọba ju ẹkún lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé ìmọ̀ yìí ń kọ́ obìnrin láti tàpá sí ọkọ. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ ń wí ná. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí. Nínú ìwé tí ó kọ ní 1997, ó ní láyé àtijọ́, ọjọ́ orí ni Yorùbá fi ń mọ ẹni tí ó ju ẹni, kì í ṣe pé ènìyàn jẹ́ akọ tàbí abo. Ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n, ìbáà jẹ́ obìnrin. Ìwé náà gba ẹ̀bùn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àwùjọ ti Amẹ́ríkà ní 1998. Àwọn onímọ̀ mìíràn, Bibi Bakare-Yusuf pẹ̀lú wọn, ta kò ó, wọ́n ní ó fojú fo ìnira tí obìnrin ń rí. Ẹ ò rí i pé àríyànjiyàn àwọn ọmọ ilé ni, lórí ọ̀rọ̀ ilé, lórí èdè wa gan-an? Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ kò lè dá sí i.

Àwọn mìíràn yóò wí pé omi kò jẹ́ kí ọmọ wa kàwé dé ibẹ̀. Ní Warri, tí òun náà wà nínú omi bí tiwa, ni a bí Grace Alele-Williams ní 1932. Òun ni obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé, ní Chicago ní 1963, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọ̀gá-àgbà yunifásítì ní ilẹ̀ wa, ní Benin ní 1985. Omi kò dá a dúró.

Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀nà rẹ̀. Kò di dandan kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ́ nípa obìnrin. Ó lè kọ́ ìtàn, ìmọ̀ òfin, tàbí ìmọ̀ ẹja ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Àkúrẹ́, kí ó tó wá yan ọ̀ràn obìnrin fún ìwádìí oyè gíga. Ẹgbẹ́ AAUW ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fún obìnrin ilẹ̀ òkèèrè ní owó ẹ̀kọ́ láti 1917. Àjọ OWSD, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Trieste ní Ítálì, wà fún obìnrin tí ń ṣe ìwádìí sáyẹ́ǹsì. Ní Dakar, àjọ CODESRIA ti ń pe àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ jọ fún ẹ̀kọ́ lórí ọ̀ràn yìí láti 1994. Ní ti àpérò, ìkéde máa ń jáde ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Àkékúrú ìwádìí, tí kì í sábà ju ojú ìwé kan lọ, ni a kọ́kọ́ ń fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá gbà á ni a ó tó béèrè ìrànlọ́wọ́ owó ọkọ̀. Ẹni tí kò gbọ́ ìkéde lásìkò ti pàdánù kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí ó wà létíkun ni kì í sì í gbọ́.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ Ẹgbẹ́ fún. Kí a ya ìdajì nínú owó ẹ̀kọ́ tí Ẹgbẹ́ ń fúnni lọ́dọọdún sọ́tọ̀ fún ọmọbìnrin, kí a má ṣe dá a padà sí àpò bí àwọn tí ó béèrè kò bá pọ̀, ṣùgbọ́n kí a wá wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Kí ẹ̀ka wa kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ òkèèrè yan ẹnìkan tí yóò máa fi ìkéde ẹ̀kọ́ àti ti àpérò ránṣẹ́ sílé. Kí ọmọ tí a bá sì ràn lọ́wọ́ kọ ìwádìí rẹ̀ ní èdè wa pẹ̀lú, kí ó kà á fún àwọn ìyá tí ó bi léèrè ọ̀rọ̀, nítorí ẹni tí a gba ọgbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ yẹ kó gbọ́ ohun tí a fi ṣe.

Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń yọ ọmọbìnrin kúrò nílé-ẹ̀kọ́ nígbà tí ẹja bá pọ̀, mo bẹ̀ yín: ẹja ọdún yìí yóò tán lọ́dún yìí, ìwé ọmọ yóò bá a dé ogbó. Àtukọ̀ kan ṣoṣo tí ń fi àjẹ̀ wa ẹ̀gbẹ́ kan, ojú kan ni yóò máa yí sí. Ẹ jẹ́ kí a wa ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ọkọ̀ Ìlàjẹ lè gúnlẹ̀ sí èbúté ire.