Kí Ọ̀rọ̀ Tó Wọ Ọjà: Ìṣọ́ra lórí Làákàyè Àwọn Ọmọ Wa

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ Ayé, Ọba Àṣàkẹ́ Ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ẹni tí ó dá ọmọ ènìyàn, tí ó sì fi làákàyè dá a lọ́lá. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí, àwa Alfa kì í sábà sọ ọ́ nínú wàásí. Ọ̀rọ̀ nípa orí tí ó ń dàrú ni. Àwọn àgbà sọ pé wèrè dùn ún wò, kò ṣé é bí lọ́mọ. Wọ́n tún máa ń sọ pé wèrè tí ó bá ti wọ ọjà, kò gbóògùn mọ́. Ìparí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òótọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ti wọ ọjà ni a ti tọ́jú tí ara wọn sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀: kí ni a ń ṣe kí ó tó wọ ọjà?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tiwa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá bá wa lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ọmọ ọdún 19 ni, ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ìyá náà ní, "Alfa, ọmọ yìí kò lọ sí kíláàsì mọ́, kì í sùn lóru, ó ní wọ́n ń pe orúkọ òun nínú rédíò." Ojú ẹsẹ̀ ni a sọ pé àlùjọ̀nnú ni. A ka Àlùkùránì sí i lára, a fọ hantu fún un, a ní kí wọ́n ṣe sàráà. Oṣù kan di méjì, oṣù méjì di mẹ́jọ. Ní òru ọjọ́ kan, ọmọ náà sáré jáde sí títì, díẹ̀ ló kù kí mọ́tò pa á. Ìgbà náà ni wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà béèrè pé, "Láti ìgbà wo ni?" Ìyá ọmọ wo ojú wa, àwa sì wo ilẹ̀. Dókítà náà kò bú wa. Ó ní, "Bàbá, àdúà yín kò burú, ṣùgbọ́n ẹ bá tètè jẹ́ kí a jọ máa ṣe é."

Ọmọ náà gbádùn, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́, kò sì padà sí i mọ́. Oṣù mẹ́jọ yẹn wà lọ́rùn wa.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ka nǹkan 5 tí ṣàríà wá dáàbò bò: ẹ̀sìn, ẹ̀mí, làákàyè, àrọ́mọdọ́mọ àti dúkìá. Ẹ wò ó pé làákàyè wà nínú rẹ̀. A kò jiyàn pé àlùjọ̀nnú wà. Ṣùgbọ́n Ànábì wa kọ́ wa pé kí á máa wá ìwòsàn, nítorí kò sí àrùn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ tí kò sọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀. Ní ìlú Káírò, láti nǹkan bí ọdún 1284, Sultan Qalawun kọ́ ilé ìwòsàn ńlá kan, ó sì fi ààyè sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn tí orí wọn dàrú. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n sì mọ àdúà ṣe.

Àwọn dókítà jẹ́ kí ó yé wa pé àìsàn yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàrin ọmọ ọdún 15 sí 35, ìgbà tí ọmọ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, tí ó ń kọ́ṣẹ́, tí ó ń wá aya tàbí ọkọ. Lára ọ̀pọ̀ wọn, kì í ṣàdédé dé. Àmì rẹ̀ máa ń yọ fún oṣù tàbí ọdún. Ọmọ tí ó máa ń ṣeré yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dá jókòó. Oorun rẹ̀ yóò dàrú. Kò ní wẹ̀ bí ó ti ń wẹ̀ tẹ́lẹ̀. Yóò máa fura pé àwọn ènìyàn ń ṣọ́ òun. Yóò máa gbọ́ bí ẹni pé ẹnì kan pè é, kò sì ní rí ẹnikẹ́ni. Bí irú àìsàn yìí bá ti wà nínú ìdílé, tàbí bí ọmọ bá ń mu igbó tàbí kolorádò, ẹ tún la ojú yín sí i.

Ní ọdún 1994, Dókítà Patrick McGorry àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ibi ìtọ́jú kan ní Melbourne, ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, fún irú àwọn ọ̀dọ́ báyìí, kí orí wọn tó dàrú rárá. Láti ìgbà náà, àwọn dókítà ti ṣe oríṣiríṣi ìwé ìbéèrè. Ọ̀kan wà tí ìbéèrè rẹ̀ jẹ́ 16 péré. Ẹni tí ó bá dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn yóò ní kí ó wá jókòó bá dókítà sọ̀rọ̀ dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí o: ìbéèrè kì í ṣe ìdájọ́. Nínú ọ̀dọ́ mẹ́rin tí dókítà fúnra rẹ̀ bá yẹ̀ wò tí ó sì sọ pé ó wà ní bèbè, nǹkan bí ẹnì kan ni àìsàn náà máa ń mú láàrin ọdún 3. Àwọn mẹ́ta yòókù kò ní í ní àsìkò náà. Nítorí náà, wọn kì í kọ́kọ́ fún wọn ní oògùn wèrè. Ìjókòó sọ̀rọ̀, ìmọ̀ràn àti àbójútó ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má pe ọmọ ní wèrè nítorí pé ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò. Ọmọ tí ó dákẹ́ láti kékeré kò ṣàìsàn. Ọmọ tí ó fẹ́ràn ìrun òru kò ṣàìsàn. Ìyípadà tí kò ní ìdí ni kí ẹ máa wò. Àmáánà sì ni ọ̀rọ̀ ọmọ. Ẹ má gbé e dé ìdí ìyàwó tàbí ilé àna.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ti òyìnbó nìkan ni. Ní Arò, ní Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, ọmọ wa Dókítà Adéoyè Lambo fi àwọn aláìsàn sí àárín àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ìbátan wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Kò ya ẹbí kúrò lára ìwòsàn. Yábàá wà ní Èkó, UCH wà ní Ìbàdàn. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìjọba fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tí ó rọ́pò òfin wèrè àtijọ́ ti ọdún 1958. Ẹ̀yin Alfa ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí á jáwọ́ nínú dídè àti nínà. Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, Ọlọ́hun kò kọ ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn títí làákàyè rẹ̀ yóò fi padà. Ta ni àwa tí a fẹ́ jẹ ẹ́ níyà?

Nítorí oṣù àwẹ̀ yìí: ẹni tí ó ń lo oògùn orí, kí ó má dá a dúró nítorí àwẹ̀. Kí ó bi dókítà bóyá a lè gbé e sí ìgbà ìṣínu àti sààrì. Bí kò bá ṣeé ṣe, aláìsàn ni, Ọlọ́hun sì ti yọ̀ǹda fún un. Bí ara rẹ̀ bá padà le, yóò san án. Bí kò bá le mọ́, kí wọ́n bọ́ tálákà dípò rẹ̀.

Lálẹ́ òní, lẹ́yìn ìṣínu, pe ọmọ rẹ jókòó. Má kígbe mọ́ ọn. Bi í pé, "Ọmọ mi, báwo ni oorun rẹ? Ṣé nǹkan kan ń da ọkàn rẹ láàmú?" Bí ìdáhùn rẹ̀ bá kó ọ láyà, gbà á ládùúà, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kí o mú un lọ rí dókítà. Má ṣe bí àwa ti ṣe.

Ọlọ́hun Ọba yóò ṣọ́ làákàyè àwọn ọmọ wa. Yóò wo àwọn tí ó ń ṣàìsàn sàn, yóò sì forí jin àwa tí a fi ọjọ́ falẹ̀. Àmín. Wassalamu alaykum warahmatullahi wabarakatuh.