Irin Keje Àná Kọ́ Ni Irin Keje Òní

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ti fi eré gọ́ọ̀fù sílẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, tí ó sì fẹ́ padà sí i, ni ètò yìí dá lé lórí. Irú irin wo ni ó yẹ kí ó gbé lọ sí pápá? Ìbéèrè náà dà bí ọ̀rọ̀ ọjà lásán, ṣùgbọ́n owó wà nínú rẹ̀, ìlera wà nínú rẹ̀, iyì ẹni náà sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1985, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún, kò sí ọjọ́ Sátidé tí a kì í bá a ní pápá gọ́ọ̀fù n'Íbàdàn. Nígbà tí ó yá, iṣẹ́ pọ̀, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ pọ̀, ó sì gbé àpò ọ̀pá rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn tí ó fẹ̀yìn tì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fà á padà. Ọ̀kan nínú wọn, ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an, fi irin keje gbá bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù náà fò kọjá odò kékeré tí ó wà níwájú wọn. Òun náà yọ irin keje tirẹ̀, ó gbá a dáadáa, inú odò ni bọ́ọ̀lù bọ́ sí. Ó mi orí, ó ní ogbó ti dé.

Kì í ṣe ogbó nìkan. Nọ́ḿbà ni a fi ń pe irin gọ́ọ̀fù. Bí nọ́ḿbà bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ojú irin náà ń nàró tó, tí ọ̀pá rẹ̀ ń gùn tó, tí bọ́ọ̀lù sì ń lọ jìnnà tó. Bí nọ́ḿbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ojú irin ń tẹ̀ sẹ́yìn sí i, tí bọ́ọ̀lù ń ga sí i, tí ó sì ń balẹ̀ nítòsí. Ní àyíká ọdún 1985, ojú irin keje a máa tẹ̀ sẹ́yìn ní nǹkan bí dígíírì 36. Nínú ọ̀pọ̀ irin tí wọ́n ń ṣe lóde òní fún àwọn tí kò fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́ jẹun, ti irin keje kò ju nǹkan bí dígíírì 30 lọ. Òmíràn tilẹ̀ dín sí i. Bí irin karùn-ún àtijọ́ ti rí nìyẹn. Orúkọ kò yí padà. Ohun tí ń jẹ́ orúkọ náà ni ó yí padà. Èyí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ń kọ́ èdè: ọ̀rọ̀ a máa dúró sí ojú kan, kí ìtumọ̀ rẹ̀ sì ti ṣí lọ. Olùkọ́ wa àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ pe orúkọ kan náà, ṣùgbọ́n irin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n mú dání.

Báwo wá ni irin tí ojú rẹ̀ nàró ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù sókè? Ẹ̀yìn irin ni ọgbọ́n náà wà. Ọ̀pọ̀ irin àtijọ́ jẹ́ èyí tí a rọ, bí alágbẹ̀dẹ ti ń rọ ọkọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ dán, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí bọ́ọ̀lù bá ko àárín ojú rẹ̀, ó dùn mọ́ ọwọ́; bí ó bá yẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ a ta, bọ́ọ̀lù a sì já sọ́nà. Karsten Solheim, ẹni tí a bí ní ilẹ̀ Nọ́wè tí ó sì dàgbà ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó yí èyí padà. Ó ti ṣe iṣẹ́ bàtà kí ó tó di ẹ̀ńjíníà, ó sì ti tó ẹni ọdún 42 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí gbá gọ́ọ̀fù. Ó mú kí ẹ̀yìn irin jin kòtò, ó kó ìwúwo rẹ̀ lọ sí etí yíká, kí irin má baà yí mọ́ni lọ́wọ́ nígbà tí a kò bá bá bọ́ọ̀lù pàdé dáadáa. Irin Ping Eye2 tí ó jáde ní ọdún 1982 ni ó sọ irú irin bẹ́ẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Dídà ni a ń da á, bí a ti ń da idẹ. Nígbà tí ìwúwo bá pọ̀ nísàlẹ̀, bọ́ọ̀lù a gòkè wẹ́rẹ́, bí ojú irin tilẹ̀ nàró. Ẹni tí ó ti pẹ́ tí ó ti gbá eré mọ kò gbọdọ̀ tijú irú irin yìí, nítorí kì í fi ìyà ńlá jẹni fún àṣìṣe kékeré.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ọ̀pá. Ọ̀pá tí a fi irin ṣe wúwo, gbígbọ̀n rẹ̀ a sì máa dé ìgbọ̀nwọ́. Èyí tí a fi gíráfáìtì ṣe fúyẹ́, ó sì rọ eegun lọ́rùn, bí ó tilẹ̀ sábà máa ń wọ́n jù ú lọ. Àmì S wà lára ọ̀pá líle, R wà lára èyí tí ó rọ̀ jù ú lọ. Ẹni tí ó lo S nígbà tí apá rẹ̀ yára lè má ní agbára tí yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ohun tó yẹni ló yẹni. Okùn ọrùn kò yẹ adìẹ.

Kí a tó náwó, ẹ jẹ́ kí a ṣe ohun mẹ́rin. Èkíní, kí a wo irin tí ó wà nílé. Ó lè jẹ́ rọ́bà ìdìmú rẹ̀ tí ó ti gan ni a kàn ní láti pààrọ̀. Èkejì, kí a yá irin keje ọ̀rẹ́, kí a fi pọ́ńdà pa ojú rẹ̀, kí a gbá ọgbọ̀n bọ́ọ̀lù, kí a sì wo ibi tí àpá bọ́ọ̀lù wà. Ẹ̀kẹta, kí a béèrè dígíírì, kí a má béèrè nọ́ḿbà nìkan. Wẹ́ẹ̀jì tí ó bá àwọn irin òde òní wá a máa wà ní nǹkan bí dígíírì 44, ti inú yanrìn sì wà ní nǹkan bí 56. Àlàfo náà fẹ̀ jù. Ẹni tí kò bá wá irin kan sí àárín wọn yóò máa ṣìnà nítòsí ihò. Ẹ̀kẹrin, kí a rántí pé ọ̀pá 14 ni òfin gọ́ọ̀fù fi ṣe òpin. Kò sọ pé ó gbọ́dọ̀ pé 14. Irin mẹ́fà tòkunbọ̀ tí ìlà ojú wọn kò tíì parẹ́, tí ọ̀pá wọn kò sì dípẹtà, tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Kí a má gbàgbé ilẹ̀ tí a ó ti gbá a. Irin tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ kì í tètè wọlẹ̀ nígbà òjò; ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, tí ilẹ̀ bá gan, ó lè ta padà kí ó sì kọlu orí bọ́ọ̀lù. Nítorí náà, ibi tí a ó ti máa ṣeré ni ó dára kí a ti dán an wò.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, olùkọ́ wa padà sí etí odò yẹn. Kò mú irin keje mọ́. Irin karùn-ún àtijọ́ ni ó yọ. Bọ́ọ̀lù náà kọjá odò. Ó ṣì ra irin oníkòtò lẹ́yìn oṣù díẹ̀, nítorí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rà á pẹ̀lú ìtìjú. Ìgbà kì í lọ bí òréré. Ẹni tí ó bá ń padà sí ohun tí ó fẹ́ràn, kí ó yan irin fún apá tí ó ní lónìí. Kí ó má yàn án fún apá tí ó ní ní ọdún 1985.