Mùdù Kan Náà fún Gbogbo Ọwọ́

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́, ẹ̀ka Bwari)

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ó ṣe máa mọ ọmọ iṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ni mo fẹ́ gbà lọ, nítorí pé àṣìṣe ọwọ́ tiwọn, ẹ̀mí ni ó ń ná ni.

Ìlú ìdánwò ni Bwari tí a ń gbé yìí. Ilé-iṣẹ́ JAMB wà níbí, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà náà wà níbí. Ṣùgbọ́n ìdánwò ọwọ́ yàtọ̀ sí ti ìwé.

Àwọn dókítà ní okùn rọ́bà gígùn kan, endoscope ni orúkọ rẹ̀, tí iná àti kámẹ́rà kékeré wà ní orí rẹ̀. Wọ́n ń kì í gba ọ̀fun láti wo ikùn, wọ́n sì ń kì í gba ìdí láti wo ìfun ńlá. Ọwọ́ tí kò mọ̀ ọ́n lè lu ìfun. Ojú tí kò mọ̀ ọ́n lè fo kókó kékeré tí yóò di jẹjẹrẹ lọ́la.

Tẹ́lẹ̀, ẹnu ọ̀gá ni a ń gbọ́, tàbí kí a ka iye tí ọmọ iṣẹ́ ti ṣe. Ní Amẹ́ríkà, 140 ti ìfun ńlá ni wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ ṣe kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará Mayo Clinic fi òṣùwọ̀n wọn ọwọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn, ohun tí wọ́n gbé jáde ní 2011 ni pé bíi 275 ni ó ń gbà, ní ìpíndọ́gba.

Báwo ni a ṣe ń wọn ọwọ́? Ní 1997, àwọn oníṣẹ́-abẹ ní Toronto, ní Kánádà, kọ̀wé lórí ètò kan. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe. Ìwé kan náà ni ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ń wò wọ́n, máàkì 1 sí 5 ni wọ́n sì ń fún wọn. Ṣé ọwọ́ rẹ̀ rọ̀? Ṣé ó mọ irinṣẹ́ rẹ̀? Ṣé ó mọ èyí tí ó kàn?

Ìwé ẹ̀rí pàápàá kò parí ọ̀rọ̀. Ní 2014, ìwádìí kan ní California fi 136 dókítà wé ara wọn. Ẹnì kan ń rí kókó lára bíi 7 nínú 100 ènìyàn, ẹlòmíràn ń rí i lára bíi 52. Lára àwọn tí dókítà tí kì í rí kókó tó yẹ̀ wò ni jẹjẹrẹ ti yọ jù lẹ́yìn náà. Bẹ́ẹ̀ gbogbo àwọn dókítà náà ni ó ti gba ìwé ẹ̀rí.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mọ mùdù. Bí oníkálukú bá gbé mùdù tirẹ̀ wá sọ́jà, ìjà ni yóò dé. Ọ̀gá tí ń dá wọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, mùdù tirẹ̀ ni ó ń lò. Ìfẹ́ lè mú kí ó kún un, ìbínú lè mú kí ó dín in.

Nítorí náà mo dá a lábàá pé, kí ọmọ iṣẹ́ kan nínú ẹgbẹ́ wa tó ṣe fíríìdọ́ọ̀mù, ì báà ṣe télọ̀, wẹ́dà tàbí mẹkáníìkì, kí ọ̀gá mẹ́ta mìíràn wo iṣẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n lo ìwé kan náà, kí olúkúlùkù kọ máàkì tirẹ̀ kí wọ́n tó bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá yege, kí a fi ibi tí ó kù sí hàn án, kí ó padà lọ kọ́ ọ. Mo mọ̀ pé yóò dun òbí tí ó ti ra ẹran ayẹyẹ. Ṣùgbọ́n bírékì tí a kò dè dáadáa kì í béèrè ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ yìí wà.