Pópó Àgùdà àti Àwọn Ilé Rẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí òwe yìí ti bá ìdílé wí, bẹ́ẹ̀ ni ó bá ìlú wí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ojú Èkó ti rí, kí ó wo àwọn ilé Pópó Àgùdà ní erékùṣù Èkó, ní àgbègbè Campos Square àti òpópónà Bamgbose, Kakawa àti Tokunboh.

Àwọn wo ni Àgùdà? Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Brazil ni, àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọ́n padà wá sílé. Ní 1835, àwọn Mùsùlùmí, tí ọmọ Yorùbá pọ̀ láàárín wọn, gbé ogun dìde sí ìjọba ní Bahia. Nígbà tí apá ìjọba ká wọn, ilẹ̀ náà le koko mọ́ ènìyàn dúdú, ọ̀pọ̀ sì wá ọkọ̀ ojú omi wọ̀ padà. Wọ́n ń dé bẹ́ẹ̀ títí di ẹ̀yìn 1888, ọdún tí òfin fòpin sí oko ẹrú ní Brazil. Nítorí pé ẹlẹ́sìn Kátólíìkì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ni Yorùbá fi ń pe ìjọ náà ní ìjọ Àgùdà títí dòní. Kí a tó máa pe ọkọ̀ àlòkù ní tòkunbọ̀, ènìyàn ni ó kọ́kọ́ ti òkun bọ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni ọrọ̀ tí púpọ̀ nínú wọn kó bọ̀. Bíríkìlà wà nínú wọn, gbẹ́nàgbẹ́nà àti aránṣọ sì wà pẹ̀lú. Agboolé Yorùbá àtijọ́ a máa yí àgbàlá ká, yàrá a sì kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilé Àgùdà gba ọ̀nà mìíràn: ó kọjú sí títì, ọ̀nà tóóró kan la àárín rẹ̀ já, yàrá sì tò lọ́tùn-ún lósì. Ògiri rẹ̀ nípọn, wọ́n rẹ́ ẹ dán, wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì ya òdòdó sí i lára. Orí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè.

Ní òpópónà Kakawa, João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó ti Brazil dé, kọ́ Water House, ilé tí kànga rẹ̀ sọ di olókìkí, nítorí ibẹ̀ ni ará Èkó ti ń ra omi. João Baptista da Costa ni ó kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894. Láti Èkó ni irú ilé yìí ti tàn dé Ìjẹ̀bú-Òde, Ìbàdàn àti Iléṣà, níbi tí àwọn oníṣòwò àti olówó kòkó ti kọ́ tiwọn.

Ṣùgbọ́n kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí Ilojo Bar? Ìdílé Fernandez ni ó kọ́ ọ ní 1855, nítòsí Tinubu Square. Ìdílé Olaiya rà á ní 1933. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni orúkọ ńlá náà fi wà lórí ilé náà, orúkọ náà kò sì gbà á là.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀. Ẹlẹ́rù ni í gbé ibi tí ó wúwo. Gbogbo ìlú ni ó ń fi ilé àtijọ́ yangàn, ṣùgbọ́n ìdílé kan ṣoṣo ni òjò ń pa nínú rẹ̀. Ilẹ̀ Èkó wọ́n. Àwọn àrólé a sì máa pọ̀ débi pé ohun tí ó ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò tó nǹkan. Bí ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé gogoro bá kó owó dé, kí ni ìdílé bẹ́ẹ̀ yóò fi dá a lóhùn? Òfin tí ó ní kí wọ́n má wó ilé, tí kò bá wọn tún òrùlé rẹ̀ ṣe, ìdájọ́ ni ó ṣe, kò ṣe ìrànlọ́wọ́. Bí ilé bá jẹ́ ti gbogbo wa nínú ìtàn, ó yẹ kí ó jẹ́ ti gbogbo wa nínú ìnáwó pẹ̀lú.

Iṣẹ́ kù fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Kí wọ́n wọn àwọn ilé tí ó ṣẹ́kù, kí wọ́n yà wọ́n sínú ìwé, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà tí ń gbé inú wọn. Ilé tí ìlú mọ ìtàn rẹ̀ ni ìlú máa ń jà fún.