Ọmọ Ilé-Ìwé àti Ojú Ọjọ́ Tó Ń Yí Padà



Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, Greta Thunberg, ọmọ ọdún 15 ní Sweden, jókòó síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin dípò kí ó lọ sí kíláàsì. Ó ní kí ìjọba dín èéfín epo àti èédú tó ń mú ayé gbóná kù. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta 2019, akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní mílíọ̀nù kan ṣe bíi tirẹ̀ káàkiri ayé.

Àwa tí a ń fi èrè ọjà san owó ilé-ìwé lè bínú sí i. Ṣùgbọ́n kò pa ìwé tì: ó parí sẹ́kọ́ńdírì ní 2023. Ọ̀rọ̀ náà sì kàn wá. Nígbà tí òjò pọ̀ tí dáàmù Alau ya ní oṣù kẹsàn-án 2024, omi kò béèrè onílé tàbí àlejò kí ó tó wọ Maiduguri.

A kò ní kí àwọn ọmọ wa fi kíláàsì sílẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹgbẹ́ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ lára owó òní, kí àwọn ọmọ fi gbin igi sí ọgbà ilé-ìwé, kí a sì máa gbọ́ tiwọn ní ìpàdé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.