Fáànù Oníná Nínú Lọ́rì: Ta Ni Yóò San Owó Ẹ́ńjìnnì?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Àkànràn

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kò gùn, ṣùgbọ́n owó wà nínú rẹ̀, ọwọ́ àti ojú ènìyàn sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti fòpin sí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, gbogbo wa ni a mọ bí owó epo ti rí. Dísù náà kò dúró sẹ́yìn. Nítorí náà àwọn ọlọ́kọ̀ ń wá gbogbo ọ̀nà tí wọn yóò fi dín epo kù. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí á tú fáànù tí bẹ́ẹ̀tì ń yí nínú lọ́rì, kí á fi fáànù oníná tòkunbọ̀ tí a rà ní Àràròmí ní Gate rọ́pò rẹ̀. A kò wí pé àbá náà burú. Ohun tí a ń wí ni pé ẹni tí ó bá dá àbá ni kí ó ru ẹrù rẹ̀. Kí ó má ṣe jẹ́ pé ọlọ́kọ̀ ni yóò jẹ èrè epo, tí ẹ́ńjìnnì bá sì nọ́ọ̀kì, awakọ̀ ni a óò máa yọ owó rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá sun dísù, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ooru rẹ̀ ni ó ń di agbára tí ó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Nǹkan bí ìdá kan mìíràn ń bá èéfín jáde. Púpọ̀ nínú èyí tí ó kù ni omi ń gbé lọ sí rédíétọ̀, atẹ́gùn ni ó sì gbọ́dọ̀ gbà á níbẹ̀. Mercedes 911 tí gbogbo wa mọ̀ ní agbára ẹṣin tí ó tó nǹkan bí 130. Bí ó bá di ẹrù, tí ó sì ń fi gbogbo agbára náà gun òkè, ooru tí ń wọ inú omi rẹ̀ lè tó ti sítóòfù oníná 60 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ wáàtì 1000. Iṣẹ́ tí a ń bẹ fáànù nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ wa dáńfó Volkswagen àtijọ́ kò ní gbàgbé. Ọkọ̀ náà kò lo omi rárá. Atẹ́gùn ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Orí irin dínámò ni fáànù rẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ó sì ń yí àwọn méjèèjì. Bí bẹ́ẹ̀tì bá já, iná pupa a tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Awakọ̀ tí ó bá rò pé iná bátìrì lásán ni, tí ó ń bá ìrìn lọ, ẹ́ńjìnnì ni ó ń dáná sun. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì tí kò ní atẹ́gùn kì í pẹ́ kú.

Fáànù tí bẹ́ẹ̀tì ń yí ní àbùkù tirẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sáré ni òun náà ń sáré, ì báà ṣe pé a nílò rẹ̀ tàbí a kò nílò rẹ̀. Bí eré fáànù bá sì di ìlọ́po méjì, agbára tí ó ń jẹ a di ìlọ́po mẹ́jọ. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré ní títì tí ó tẹ́jú, tí atẹ́gùn ojú ọ̀nà ti ń fẹ́ rédíétọ̀ fúnra rẹ̀, ìgbà náà gan-an ni fáànù ń jẹ epo lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Oríta-Apẹ́rin, tí ẹ́ńjìnnì ń rọra yí, fáànù náà a máa rọra yí, ooru a sì máa gòkè.

Ibẹ̀ ni fáànù oníná ti dára. Ìgbà tí omi bá gbóná ni ó ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè fi gbogbo agbára yí bí ọkọ̀ tilẹ̀ dúró sójú kan. Ní Amẹ́ríkà, àwọn iléeṣẹ́ bọ́ọ̀sì ìlú kan ti yọ fáànù ńlá kúrò, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ fáànù oníná kéékèèké sí i. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sí èyí dáadáa: wọn kò fi í sí i lásán. Alternator ńlá ni wọ́n fi tì í lẹ́yìn, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń wọn ooru.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò tiwa. Fáànù tí a tú lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí ó ń lo fóòtì 12 àti áńpíà 25, wáàtì 300 ni agbára rẹ̀. Agbára ẹṣin kan jẹ́ wáàtì 746. Fáànù yẹn kò tó ìdajì ẹṣin kan! Fáànù bẹ́ẹ̀tì ti lọ́rì, bí ó bá ń sáré gidigidi, lè jẹ tó ẹṣin 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fẹ́ rí ẹṣin 5 láti ara iná fóòtì 24, áńpíà tí ó lé ní 150 ni a óò máa fà. Púpọ̀ nínú àwọn alternator lọ́rì àtijọ́ kò lè mú ìdajì rẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ ni iná iwájú, iná ẹ̀yìn àti bátìrì náà ń retí oúnjẹ tiwọn. Àwọn rẹ́wáyà kan a tún máa fa iná fáànù fóòtì 12 láti ara bátìrì kan ṣoṣo nínú méjì. Bátìrì kan a máa kú, èkejì a máa gba iná àgbàjù, méjèèjì a sì bàjẹ́.

Ní kúkúrú, fáànù kékeré oníná lè gbà wá nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ṣùgbọ́n kò lè gbà wá lórí òkè. Lọ́rì tí ó gbé kòkó tàbí pákó láti abúlé, tí ó ń fi jíà kejì gun òkè nínú oòrùn ọ̀sán, kò ní atẹ́gùn ojú ọ̀nà tí yóò ràn án lọ́wọ́. Níbẹ̀ ni gásíkẹ́ẹ̀tì ti ń jó, tí orí ẹ́ńjìnnì ti ń tẹ̀.

Ewu ara náà wà. Fáànù bẹ́ẹ̀tì kì í yí bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú. Fáànù oníná lè ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ kọ́kọ́rọ́, nítorí pé omi ṣì gbóná, kí ó sì gé ìka mẹkáníìkì. Ẹ tú orí bátìrì kí ẹ tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bákan náà, ẹ má ṣe ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ó bá gbóná. Ìdérí náà ni ó ń dí omi mọ́lẹ̀ tí kò fi hó ní ibi tí omi lásán ti ń hó. Bí ẹ bá ṣí i, yóò hó lójijì, yóò sì tú sí yín lójú.

Kí á tó na owó sí fáànù tuntun, ẹ jẹ́ kí á wo èyí tí kò wọ́n. Ẹ fọ ẹrẹ̀ àti kòkòrò kúrò lójú rédíétọ̀. Ẹ yẹ bẹ́ẹ̀tì wò bóyá ó ti dẹ̀. Ẹ dá ìbòrí tí ó yí fáànù ká padà sí àyè rẹ̀, nítorí láìsí i fáànù a kàn máa fẹ́ atẹ́gùn kan náà yípo. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n yọ thermostat sọ nù. Ẹ́ńjìnnì tí kì í gbóná tó a máa jẹ epo, a sì máa tètè jẹ ara rẹ̀. Fáànù olóróró kan tún wà tí bẹ́ẹ̀tì ń yí, ṣùgbọ́n tí ó ń dẹwọ́ fúnra rẹ̀ bí ooru bá lọ sílẹ̀. Fún lọ́rì tí ń gbé ẹrù wúwo, ìyẹn ni a rò pé ó sàn jù.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, Àkànràn kì í ṣe ìlú tí a ń di ẹrù lé ènìyàn lórí láìbéèrè. Ní 1968 sí 1969, Tàfá Adéòyè àti àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde níbí, wọ́n ní kí a dín owó orí kù, kí a sì tún ọ̀nà abúlé ṣe. Kí 1969 tó parí, owó orí wá sílẹ̀ sí pọ́n-ùn 2. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Àwọn àgbẹ̀ náà rìn pọ̀.

Nítorí náà, a gbé nǹkan mẹ́rin kalẹ̀ fún ẹ̀ka yìí láti fọwọ́ sí. Èkíní, kí a má ṣe pààrọ̀ fáànù lọ́rì kankan láìsí ìwé tí ọlọ́kọ̀ àti awakọ̀ jọ fọwọ́ sí, tí ó sọ pé ọlọ́kọ̀ ni yóò san owó bí ooru bá ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ nítorí fáànù náà. Èkejì, kí aago ooru inú dáṣíbọ́ọ̀dù máa ṣiṣẹ́ kí ọkọ̀ tó jáde. Ojú awakọ̀ nìyẹn. Ẹ̀kẹta, kí a di ẹrù kún ọkọ̀, kí a gbé e gun òkè pẹ̀lú mẹkáníìkì, kí a tó gbà á. Ẹ̀kẹrin, kí wáyà nípọn tó, kí fíúsì wà, kí a sì fi irin dáàbò bo abẹ́ fáànù. Awakọ̀ ní ojúṣe tirẹ̀ pẹ̀lú: bí aago bá gòkè, kí ó dúró, kí ó má ṣe sọ pé òun fẹ́ dé ọjà ná.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ jẹ́ kí á pa ti orí òrùlé yìí kí ilé tó jó. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa.