Ọjọ́ Mẹ́rìnlá: Bí Àwọn Yorùbá Ṣe Dágbére fún Tamale

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Báyìí ni àwọn àgbà Yorùbá ṣe máa ń rán ọmọ wọn létí nígbà tí ó bá ń di ẹrù rẹ̀ láti lọ ṣòwò ní ilẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá pẹ́ lájò títí tí àjò fi di ilé fún un, tí ó sin bàbá rẹ̀ síbẹ̀, tí ó sì bí ọmọ síbẹ̀, èwo gan-an ni a ó pè ní ilé rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni ìjọba ilẹ̀ Gáná gbé ka iwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá tí ń gbé ní ìlú Tamale ní ìparí ọdún 1969. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ni wọ́n sì ní láti fi dáhùn rẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún náà ni ìjọba Dókítà Kofi Busia, tí kò tíì lo oṣù mẹ́ta lórí àga, gbé àṣẹ jáde pé àlejò yòówù tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbọ́dọ̀ gba ìwé náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó kúrò ní ilẹ̀ Gáná. Ọjọ́ kejì oṣù kejìlá ni gbèdéke. Àṣẹ náà kò dárúkọ ẹ̀yà kan. Ó kan Hausa, ó kan àwọn Mossi láti Upper Volta, ilẹ̀ tí a ń pè ní Burkina Faso lónìí, ó sì kan àwọn ará Tógò àti ará Niger. Ṣùgbọ́n ní ọjà Tamale, níbi tí ìsọ̀ àwọn Yorùbá ti tò lọ bẹẹrẹ, kò sí ẹni tí ó ń béèrè ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí.

Kì í ṣe àná ni ilẹ̀ Yorùbá ti ń gbúròó apá ibẹ̀. Obì tí a ń pè ní gbànja, orúkọ ilẹ̀ Gonja ni ó ń jẹ́, nítorí láti ọjà Salaga ní ilẹ̀ Gonja ni àwọn oníṣòwò ti ń rù ú lọ sí ilẹ̀ Hausa kí òyìnbó tó dé. Ní ọdún 1907 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé olú ìlú apá Àríwá kúrò ní Gambaga wá sí Tamale ní ilẹ̀ àwọn Dagomba, ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ìlú ńlá. Bí ìlú náà ṣe ń gbòòrò ni àwọn Yorùbá ń dé. Ẹsẹ̀ ni àwọn tí ó kọ́kọ́ lọ fi rìn, wọ́n ru aṣọ lórí, wọ́n gba ilẹ̀ Borgu àti Djougou kọjá, wọ́n sì ń tà bí wọ́n ti ń lọ, títí ọkọ̀ akẹ́rù fi dé tí ọ̀nà fi rọrùn. Wọ́n gba ilẹ̀ tí Faransé àti Jámánì ń ṣàkóso kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ibi tí wọ́n ti gbéra àti ibi tí wọ́n dó sí wà. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè ìwé.

Láti Ogbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho, Ṣakí, Èjìgbò, Ọ̀fà àti Ìlọrin ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ọ̀pọ̀ nínú ìlú wọ̀nyí wà; kòkó tí ó sọ àwọn ará Ìbàdàn àti Oǹdó di olówó kì í ṣe dáadáa níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí owó orí san, tí ó fẹ́ gbé ìyàwó, tí ó sì fẹ́ kọ́lé onípáánù sí agbo ilé bàbá rẹ̀, ìrìn àjò ni ó kù fún un. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò ṣòro láti yé ni. Ẹni tí ó bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ a ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n fi àbúrò òun ránṣẹ́. Ọmọ náà a máa bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tajà fún ọdún mélòó kan; bí ó bá sì ṣe olóòótọ́, ẹ̀gbọ́n a fún un ní ọjà díẹ̀ kí ó fi dá dúró. Ọkọ a fún ìyàwó ní owó ìpìlẹ̀, èrè ìyàwó sì jẹ́ ti ìyàwó. Aṣọ, abọ́ tánńganran, sìgá, ìṣáná, ọṣẹ, àtùpà àti ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń tà. Wọn kò jókòó sí ọjà ìlú ńlá nìkan. Wọ́n ń gbé ọjà wọn lọ sí àwọn ọjà abúlé, níbi tí ilé ìtajà òyìnbó kò lè dé.

Nínú ìkànìyàn ọdún 1960, àwọn Yorùbá tí ó wà ní ilẹ̀ Gáná ju 100,000 lọ. Níbi tí wọ́n bá dé, wọ́n ń gbé ilé lọ bá àjò ni. Ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan ń ṣe ìpàdé, wọ́n ń dá èsúsú, wọ́n ń parí ìjà láàárín ara wọn, wọ́n sì ń dá owó ránṣẹ́ sílé fún ilé ìwé àti ilé ìjọsìn. Àwọn Mùsùlùmí inú wọn kọ́ mọ́ṣáláṣí. Àwọn ará Ogbómọ̀ṣọ́ gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dání, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé àwọn oníṣòwò Yorùbá ni ó kọ́kọ́ gbin ìjọ náà káàkiri ilẹ̀ Gáná. Àwọn ọmọ tí a bí ní Tamale ń sọ Yorùbá nínú ilé, wọ́n ń sọ Dagbani pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n sì ń fi Hausa ná ọjà. Púpọ̀ nínú wọn kò fi ojú kan Ogbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìgbẹ́tì rí.

Níbo wá ni ọ̀ràn ti wọ̀ ọ́? Ní ọdún 1957 Gáná gba òmìnira. Ní ọdún 1960 Nàìjíríà gba tirẹ̀. Ọmọ abẹ́ ọba kan náà di ọmọ orílẹ̀-èdè méjì láìṣí ẹsẹ̀ kúrò lójú kan. Ní ọdún 1963 ìjọba Nkrumah ṣe òfin pé àlejò gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìgbélùú. Òfin náà wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò rìn dé inú ọjà. Ìyá arúgbó tí ó ti ń ta aṣọ láti ìgbà ogun Hitler kò rí ìdí tí òun yóò fi lọ tọrọ àyè láti gbé ní ibi tí òun ti ń gbé. Nígbà tí ìjọba titun wá jí òfin náà dìde, kò sí ọ́fíìsì tí ó lè kọ ìwé fún ogunlọ́gọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, bí ó tilẹ̀ fẹ́ kọ ọ́.

Ènìyàn kò lè kó ogójì ọdún sínú àpótí. Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní ọjà ni pé ọjà kò níye lórí mọ́. Gbogbo ènìyàn ni ó ń tà lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn olùrà sì mọ̀ pé bí àwọn bá ní sùúrù, iye owó yóò tún wálẹ̀ sí i. Ìkejì ni gbèsè. Àwìn ni òwò abúlé. Àgbẹ̀ a gba aṣọ lónìí, a san owó nígbà ìkórè. Ẹni tí a lé ní ọjọ́ mẹ́rìnlá kò lè dúró de ìkórè. Ìkẹta ni owó fúnra rẹ̀. Sídì ni Gáná ń ná, pọ́n-ùn ni Nàìjíríà ń ná nígbà náà, òfin sì ká ènìyàn lọ́wọ́ kò láti kó owó jáde. Ẹni tí ó tilẹ̀ rí ọjà rẹ̀ tà, kò mọ bí òun yóò ṣe gbé owó náà délé.

Ti ilé sì wà níbẹ̀. Àwọn kan ta tiwọn ní ọ̀pọ̀. Àwọn mìíràn kó kọ́kọ́rọ́ lé àna tàbí ọ̀rẹ́ wọn tí ó jẹ́ Dagomba lọ́wọ́, ní ìrètí pé ìjì náà yóò rọlẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà ní láti pinnu bóyá ìyàwó yóò bá òun lọ sí ìlú tí kò mọ̀, tàbí kí àwọn ọmọ pín sí méjì. Ti àwọn tí ó ti kú kò ní ìpinnu nínú. Ibojì kì í wọ ọkọ̀. Ohun tí ó kù fún àwọn ọmọ ni kí wọ́n lọ dúró lórí ilẹ̀ náà, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n sì bẹ aládùúgbò kí ó má jẹ̀ẹ́ kí koríko bò ó.

Ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú wọn. Ọ̀kan gba Yendi lọ sí ìlà oòrùn, ó la àríwá Tógò àti ti Dahomey kọjá dé Parakou, ó sì wọ Nàìjíríà láti ibẹ̀. Èkejì lọ sí gúúsù dé Kumasi àti Accra, ó sì gba Lomé àti Kútọnu dé Ìdí-Ìrókò. Èyí tí ènìyàn wù kó gbà, ààlà mẹ́ta ni yóò kọjá, pẹ̀lú àwọn aṣọ́bodè ní ìhà méjèèjì. Owó ọkọ̀ di ọ̀wọ́n gógó. Àwọn aboyún, àwọn arúgbó àti àwọn ọmọ ọwọ́ jọ gun orí ẹrù ni.

Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n bọ̀ sí kò sinmi. Ogun abẹ́lé ṣì ń jà ní Nàìjíríà. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970 ni ó tó parí. Ìwọ̀-Oòrùn fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti inú rúkèrúdò owó orí àwọn Àgbẹ́kọ̀yà jáde ni. Ní Ogbómọ̀ṣọ́, wọ́n pa Ṣọ̀ún ìlú náà nínú rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1969. Àwọn tí ń fi owó ránṣẹ́ láti òkèèrè di ẹni tí ń wá ibi sùn. Yàrá tí a kọ́ fún ìgbà ọdún iléyá tàbí Kérésìmesì di ibùgbé ìdílé mẹ́ta. Ọmọ tí ó gbọ́ Dagbani yékéyéké wá di ẹni ẹ̀rín láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí Yorùbá ẹnu rẹ̀. Àwọn kan ṣí lọ sí Ìbàdàn àti Èkó láti tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn forí lé Ivory Coast. Àwọn kan sì tún padà sí Gáná nígbà tí ó ṣe.

Ó tọ́ kí a wo ọ̀ràn náà láti ọ̀dọ̀ Gáná pẹ̀lú. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ kò ríṣẹ́ ṣe, gbèsè wọ orílẹ̀-èdè náà lọ́rùn, owó sì ń jáde lọ sí òkèèrè. Ọmọ Dagomba tí ó fẹ́ ṣòwò rí i pé àlejò ni ó jókòó sí ìsọ̀ tí ó dára jù ní ọjà bàbá òun. Ẹ̀dùn ọkàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe asán. Lẹ́yìn tí àwọn àlejò lọ, àwọn ọmọ ilẹ̀ gba ìsọ̀ wọn, àwọn kan nínú wọn sì ṣe rere. Ṣùgbọ́n ọjà wọ́n ní abúlé, oko kòkó kò rí alágbàṣe tó mọ́, ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Àìsàn tí ń ṣe ọrọ̀ ajé Gáná kò tìtorí bẹ́ẹ̀ san. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1972, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Busia.

Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, nígbà tí owó epo rọbì já wálẹ̀, tí ìdìbò sì ń bọ̀ lọ́nà, ìjọba Nàìjíríà lábẹ́ Alhaji Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé kúrò nílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Nǹkan bí 1,000,000 nínú wọn ni ó jẹ́ ọmọ Gáná. Gáná ti ti ààlà rẹ̀ pa láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1982, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn há sí ojú ọ̀nà ní ilẹ̀ Benin, nínú oòrùn àti ebi, títí ààlà fi ṣí ní ìparí oṣù náà. Báàgì alápò gbọ̀ọ̀rọ̀ tí wọ́n kó ẹrù sí gba orúkọ tí kò tíì kúrò lára rẹ̀ títí di òní: Ghana Must Go. Àwọn tí ń pè é bẹ́ẹ̀ ní ọjà Èkó kì í sábà rántí pé Yorùbá ni ó kọ́kọ́ di irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Láàárín ìgbà méjèèjì ni a dá ẹgbẹ́ ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó, ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Dakar ní ọdún 1979 gba ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láyè láti wọ ilẹ̀ èkejì fún 90 ọjọ́ láìgba físà, àfikún ọdún 1986 sì kọ lílé àwọn àlejò lọ lápapọ̀. Nǹkan ńlá ni èyí. Síbẹ̀, òfin Gáná ti ọdún 2013 fi òwò ọjà pẹẹpẹẹpẹ sílẹ̀ fún ọmọ ilẹ̀ nìkan, ó sì béèrè 1,000,000 dọ́là lọ́wọ́ àlejò tí ó bá fẹ́ ṣòwò ọjà títà. Ní ọdún 2019 àti 2020, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní Kumasi àti Accra. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, Mali, Burkina Faso àti Niger jáde kúrò nínú ECOWAS. Ọ̀rọ̀ ta ni onílé, ta ni àlejò, kò tíì tán nílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ìtàn Tamale fi sílẹ̀. Ti àwọn arìnrìn-àjò ni èkíní: igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹni tí ó bá ń gbé ní ilẹ̀ onílẹ̀, kí ó gba ìwé rẹ̀ nígbà tí ara ṣì rọ̀, kí ó mọ òfin ìlú, kí ó sì fi ọwọ́ ọmọ ilẹ̀ kan òwò rẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé òun nìkan ni yóò máa jẹ, tí ẹlòmíràn yóò máa wòran. Ti àwọn ìjọba ni èkejì. Kò sí ẹni tí ó sọ pé orílẹ̀-èdè kò ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tí ó wọlé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti lo ogójì ọdún, tí ó san owó orí, tí ó ti bímọ, tí ó ti sìnkú, kì í ṣe èrò ọ̀nà tí a ń sọ fún pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Òfin tí ó bá fẹ́ kí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ fún un láyè láti gba gbèsè rẹ̀, kí ó ta ilé rẹ̀ ní iye tí ó tọ́, kí ó sì kí àwọn aládùúgbò rẹ̀ pé ó dìgbà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá kò tó fún un. Kò tó ní Tamale ní ọdún 1969, kò sì tó ní Èkó ní ọdún 1983.